Abẹ Kan Imú, Ọ̀rọ̀ Kan Gbogbo Ojú

Bí ọjọ́ Sátidé bá pé tí ìgbéyàwó pọ̀ nígboro, àwọn tó ń ṣe mékọ́ọ̀pù ní Ìdímù, ní Èkó, kì í sùn pẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìyàwó ti jókòó sórí àga, iná ti mọ́lẹ̀ sí i lójú, ẹni tó ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ sì ti ń mú àtíkè kan tẹ̀ lé òmíràn. Tó bá kan imú, á fi àtíkè tó dúdú ju ara lọ fa ìlà méjì tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan lápá ọ̀tún igi imú, ọ̀kan lápá òsì. Á fi èyí tó mọ́lẹ̀ sí àárín, á wá fi búrọ́ọ̀ṣì pa wọ́n pọ̀. Imú tó fẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá dà bí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n imú nìkan kọ́ ló yí padà. Ojú méjèèjì á dà bí èyí tó sún mọ́ra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á dà bíi pé ó gòkè, ètè á sì hàn ju bó ṣe hàn láàárọ̀ lọ. Tí ìyàwó bá fọ ojú lálẹ́, kálukú wọn á padà sí ipò rẹ̀.

Èyí tí abẹ dókítà bá gé kò ṣeé fọ̀ nù lálẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó ń gbèrò iṣẹ́ abẹ imú mọ̀ ṣáájú pé kì í ṣe imú nìkan ló fẹ́ tún ṣe. Àárín gbùngbùn ojú ni imú wà. Òun ló pààlà sáàárín ojú ọ̀tún àti ti òsì, òun ló so iwájú orí pọ̀ mọ́ ètè, òun ló sì ṣáájú gbogbo wọn bí a bá wo ènìyàn láti ẹ̀gbẹ́. Yorùbá mọ̀ pé bí ojú bá ń sunkún, imú á bá a sun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí wọ́n bá gé kúrò lára imú, tàbí tí wọ́n fi kún un, ṣe máa ń hàn lára gbogbo ẹ̀yà tó yí i ká.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa mọ́. Lójoojúmọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ ní Ìkọ̀tún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgándò ń rí àwòrán imú lórí fóònù wọn, bó ṣe wà kí wọ́n tó là á àti bó ṣe rí lẹ́yìn náà. Kí fóònù tilẹ̀ tó dé, àwọn ìyá àgbà ti ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fa igi imú ọmọ jòjòló sókè nígbà ìwẹ̀, kó má bàa tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun tí ọmọ jogún lára àwọn òbí rẹ̀ ló ń darí bí eegun àti kèrékèré imú ṣe ń dàgbà, kì í ṣe ìka ìyá àgbà. Síbẹ̀, àṣà náà fi hàn pé ó ti pẹ́ tí a ti ń fi imú díwọ̀n ẹwà.

Kí wá ni òdiwọ̀n náà? Àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù, tí Leonardo da Vinci tó kú ní 1519 wà lára wọn, fi òfin kan sílẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ṣì ń kọ́ títí di òní. Wọ́n pín ojú sí ọ̀nà mẹ́ta lóròó: láti ibi tí irun orí ti bẹ̀rẹ̀ dé irun òkè ojú, láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀ imú, àti láti ìsàlẹ̀ imú dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n. Wọ́n ní ojú tó gún ni èyí tí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba. Wọ́n tún pín in sí ọ̀nà márùn-ún níbùú, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ojú kan. Nínú òfin yìí, ìbú imú kò gbọdọ̀ ju àlàfo tó wà láàárín ojú méjèèjì lọ.

Àwọn òyìnbó gan-an, púpọ̀ nínú wọn ni òfin yìí kò bá mu. Dókítà Leslie Farkas, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn orí àti ojú ènìyàn ní ilẹ̀ Kánádà, gbé òdiwọ̀n àwọn ayàwòrán náà wò lára àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ti Àríwá. Ní 1985 tó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde, ó hàn gbangba pé ọ̀pọ̀ ojú tí ẹnikẹ́ni kò lè bù kù ni kò wọnú ìlà tí wọ́n fà. Ní ti àwa aláwọ̀ dúdú, imú tó fẹ̀ ju àlàfo àárín ojú lọ ló wọ́pọ̀ jù.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀yà ara nílé níbí náà ti wọn tiwa. Ní 2007, G. S. Oladipo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí imú àwọn Yorùbá, Igbo àti Ijaw. Wọ́n wọn ìbú imú, wọ́n wọn gígùn rẹ̀, wọ́n sì ṣírò iye tí ìbú náà jẹ́ bí a bá pe gígùn ní 100. Ti Yorùbá jẹ́ 89.2, ti Igbo jẹ́ 94.1, ti Ijaw sì jẹ́ 96.37. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, imú tó bá ti tó 85 ni wọ́n ń kà sí imú tó fẹ̀, èyí tí kò bá tó 70 ni wọ́n ń pè ní tẹ́ẹ́rẹ́. Imú tó fẹ̀ ni imú wa, kì í sì í ṣe àléébù. Ẹni tó bá jókòó níwájú dígí ní Ìdímù tó ń rò pé imú òun fẹ̀ jù lè jẹ́ ẹni tí imú rẹ̀ wà ní ìwọ̀n tí ti bàbá àti ìyá rẹ̀ wà gẹ́lẹ́.

Ojú ọjọ́ náà lọ́wọ́ sí i. Ní 2017, Arslan Zaidi, Mark Shriver àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania fi imú àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wé ti àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Éṣíà àti Àríwá Yúróòpù. Wọ́n rí i pé ìbú ihò imú ń tẹ̀ lé bí ilẹ̀ baba ńlá ẹni ṣe gbóná tó àti bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe lọ́rinrin tó. Níbi tí òtútù ti ń mú, tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ, ihò tó há máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbóná kó sì rin díẹ̀ kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Afẹ́fẹ́ Èkó ti gbóná, ó ti rin tẹ́lẹ̀.

Àwọn baba wa tó jẹ́ ọlọ́nà sì mọ̀ pé imú tó fẹ̀ kò ba ojú jẹ́. Ní 1938, wọ́n ń wa ilẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ni wọ́n bá kan àwọn orí tí wọ́n fi idẹ rọ, tí ọjọ́ orí wọn ti ju 500 ọdún lọ. Imú wọn kì í ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, ètè wọn kún, síbẹ̀ ẹni tó bá dúró níwájú wọn kò ní rí ohun kan tó fẹ́ yọ kúrò. Imú náà bá ètè tó kún yẹn mu, ètè bá àgbọ̀n mu, àgbọ̀n bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mu. Tí ènìyàn bá gé imú wọn sí ìwọ̀n ti Leonardo, ètè yẹn á di ńlá lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ náà nìyẹn.

Igi imú ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú tó ń lọ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí ló ń fẹ́ kí igi imú wọn ga. Dókítà á mú kèrékèré láti ìhà tàbí láti etí ẹni náà, tàbí kó lo ohun àtọwọ́dá bíi silicone, á fi gbé igi imú sókè. Bí igi imú bá ga, òjìji rẹ̀ á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú, ojú méjèèjì á wá dà bí èyí tó súnmọ́ra. Ẹni tí ojú rẹ̀ jìnnà síra tẹ́lẹ̀ lè rí àǹfààní nínú èyí. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti súnmọ́ra láti ilé wá lè kábàámọ̀. Tí wọ́n bá sì gbé e ga jù, kòtò kékeré tó wà láàárín iwájú orí àti imú á kún, imú á wá dà bíi pé láti iwájú orí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní ti ẹni tí igi imú rẹ̀ ga tó wú bí iké, tí wọ́n wá gé e wálẹ̀, òdìkejì ló máa ń rí: ojú rẹ̀ á dà bí èyí tó jìnnà síra.

Ṣóńṣó imú ló kàn, ètè òkè ló sì ń gba ohun tó bá ṣẹlẹ̀ síbẹ̀. Bí dókítà bá yí ṣóńṣó imú sókè, ètè òkè á dà bí èyí tó gùn sí i, ihò imú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn láti iwájú. Bí ṣóńṣó bá wá sílẹ̀, ètè á kúrú lójú, ọjọ́ orí ẹni náà á sì dà bíi pé ó lọ sókè. Àwọn ìwé ilẹ̀ Yúróòpù ní kí igun tó wà láàárín imú àti ètè wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 90 sí 95 fún ọkùnrin, 95 sí 110 fún obìnrin. Nítorí pé ètè àti ẹ̀rìgì wa sábà máa ń yọ síwájú díẹ̀, igun tiwa kì í fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Dókítà tó bá fi agídí gbé e dé 110 lè mú kí imú ẹni dà bí èyí tí wọ́n fi okùn fà sókè.

Ẹ̀gbẹ́ ihò imú ni ẹ̀kẹta. Dókítà lè gé ẹran díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ihò imú lè súnmọ́ra. Bí imú bá ṣe ń kéré sí i ni ẹnu ń fẹ̀ sí i lójú ẹni tó ń wò ó, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ń gbòòrò. Ẹran tí wọ́n bá sì gé níbí, ó ṣòro gan-an láti dá a padà. Awọ dúdú tún ní ẹ̀rù tirẹ̀: ojú ọgbẹ́ lè wú di àpá ńlá tó ń ga sókè, pàápàá lára ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí lẹ́yìn tó lu etí tàbí tó gba abẹ́rẹ́. Ó yẹ kí olúwarẹ̀ sọ èyí fún dókítà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá jọ jókòó.

Awọ imú wa nípọn, kèrékèré abẹ́ rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ le, bí àgọ́ tí aṣọ rẹ̀ wúwo tí òpó rẹ̀ sì rọ̀. Dókítà tó bá kàn ń gé kèrékèré kúrò kí imú lè tẹ́ẹ́rẹ́ á rí i pé ṣóńṣó tún tẹ́ sí i ni, torí awọ kò rí ohun tó máa gbé e dúró. Ẹni tó mọ imú aláwọ̀ dúdú á kọ́kọ́ fi kèrékèré kún abẹ́ kí igun imú tó lè hàn. Iṣẹ́ abẹ imú wa máa ń jẹ́ ti kíkọ́ ju ti wíwó lọ.

Àgbọ̀n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹlòmíràn á wá sọ́dọ̀ dókítà pé imú òun tóbi, dókítà á yí i sí ẹ̀gbẹ́, á wò ó, á sì rí i pé àgbọ̀n ló sá sẹ́yìn. Bí wọ́n bá sún àgbọ̀n síwájú díẹ̀, imú tí ẹnì kankan kò fọwọ́ kàn á kéré lójú. Ẹlòmíràn sì wà tó jẹ́ pé eyín rẹ̀ ló ti ètè síwájú, tó jẹ́ pé dókítà eyín ló yẹ kó kọ́kọ́ rí. Òtítọ́ tó yẹ kí aláìsàn gbọ́ nìyí kó tó sanwó, dókítà tó bá sì lè sọ ọ́ fún un ló yẹ kó gbẹ́kẹ̀ lé.

Michael Jackson kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti gbọ́ orin rí ní Èkó. Nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀, Moonwalk, tó jáde ní 1988, ó sọ pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí imú òun lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì dá kòtò kékeré sí àgbọ̀n òun. Gbogbo ayé ló rí bí imú náà ṣe ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i láti ọdún dé ọdún. Bí ó ti ń kéré sí i ni eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n rẹ̀ ń hàn sí i lójú wa. Ẹni tó bá gbé àwòrán rẹ̀ ti 1979 sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n yà ní ogún ọdún lẹ́yìn náà á rí bí ẹ̀yà kan ṣoṣo ṣe lè sọ gbogbo ojú di ti ẹlòmíràn.

Jennifer Grey, òṣèré Amẹ́ríkà tó di gbajúmọ̀ nínú fíìmù Dirty Dancing ní 1987, rí irú rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn tí wọ́n tún imú rẹ̀ ṣe, àwọn tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò dá a mọ̀ mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì jó rẹ̀yìn. Ó kọ ìtàn náà fúnra rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 2022. Kì í ṣe pé imú tuntun náà burú. Imú àtijọ́ ni àwọn ènìyàn fi ń dá a mọ̀.

Kó tó di pé ẹnikẹ́ni bínú sí imú rẹ̀ nítorí fọ́tò, ó yẹ kó mọ ohun tí Boris Paskhover, dókítà kan ní Rutgers ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò ní 2018. Fọ́tò tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà, tí fóònù wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ojú, máa ń mú kí imú ọkùnrin fẹ̀ ní nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju bó ṣe máa rí tí fóònù bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Ti obìnrin jẹ́ 29. Ohun tó bá súnmọ́ kámẹ́rà jù ló ń tóbi jù, imú ló sì ṣáájú. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ mọ bí imú rẹ̀ ṣe rí gan-an, kó ní kí ẹlòmíràn bá a ya fọ́tò láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀.

Àwọn mìíràn wà tí dígí pàápàá kì í sọ òótọ́ fún. Ní 2011, àwọn dókítà ní Leuven ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù yẹ àwọn tó wá ṣe iṣẹ́ abẹ imú wò. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló ní àmì àìsàn èrò ọkàn tó ń mú kí ènìyàn máa rí àbùkù tí ẹlòmíràn kò rí, débi pé ó ń dà wọ́n láàmú gidigidi. Abẹ kì í wo irú ìrora bẹ́ẹ̀ sàn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò dókítà tó ń tọ́jú èrò ọkàn, ó sì nílò ẹbí tí kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Èémí ló ṣáájú ẹwà. Ihò imú ní ibì kan nínú tó há jù, bí wọ́n bá sì gé kèrékèré tó gbé ibẹ̀ dúró, ó lè máa pa dé nígbà tí ènìyàn bá ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹni tó lọ fún ẹwà á wá padà bọ̀, á máa fi ẹnu mí lóru. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé nítorí èémí ni wọ́n ṣe nílò iṣẹ́ abẹ: ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú tí igi imú rẹ̀ wọ́, ẹni tí ògiri àárín ihò imú rẹ̀ tẹ̀. Bí dókítà bá tún tiwọn ṣe, ojú wọn máa ń gún, èémí wọn sì ń já geere.

Títún ojú tó bàjẹ́ ṣe gan-an ni iṣẹ́ abẹ yìí fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìṣègùn Sushruta ní ilẹ̀ Íńdíà àtijọ́ ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ́ imú tuntun fún ẹni tí wọ́n gé tirẹ̀. Ní 1794, ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù ròyìn Cowasjee, ará Íńdíà tó ń da màlúù fún àwọn ọmọ ogun òyìnbó. Àwọn ọmọ ogun Tipu Sultan gé imú rẹ̀, oníṣègùn ìbílẹ̀ kan sì fi awọ iwájú orí rẹ̀ ṣe òmíràn fún un. Ìròyìn yẹn ló ta Joseph Carpue, oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, jí tó fi gbìyànjú rẹ̀ ní 1814. Títí di òní, awọ iwájú orí ṣì ni àwọn dókítà máa ń lò jù tí gbogbo imú bá ti lọ.

Àwọn ọmọ wà ní Nàìjíríà tó nílò irú iṣẹ́ abẹ yìí. Noma, àrùn tó ń jẹ ẹran ojú àwọn ọmọdé tí oúnjẹ kò tó, lè run ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè àti imú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ilé ìwòsàn kan wà ní Sókótó tó jẹ́ ti noma nìkan, àwọn dókítà Médecins Sans Frontières sì ti ń ràn án lọ́wọ́ láti 2014. Oṣù Kejìlá 2023 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi noma kún àwọn àrùn tí ayé ti pa tì. Bí wọ́n bá dá imú padà fún ọmọ bẹ́ẹ̀, ó lè padà sí ilé ẹ̀kọ́, ó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹun. Kò sí ìgbà tí iṣẹ́ yìí níyì tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó wà ní Ìdímù kò ní láti rìn jìnnà kó tó gba ìmọ̀ràn. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba ti Àlímọ̀ṣọ́ ní Ìgándò, kí wọ́n tọ́ka rẹ̀ sí àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi LASUTH ní Ìkẹjà, LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí ilé ìwòsàn àwọn oníṣẹ́ eegun ní Igbóbì, níbi tí ẹ̀ka títún ara ṣe wà. Bí ó bá jẹ́ ilé ìwòsàn aládàáni ló wù ú, kó béèrè ìwé HEFAMAA, àjọ Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń forúkọ ilé ìwòsàn sílẹ̀. Kó béèrè bóyá dókítà náà wà nínú ìwé MDCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, àti bóyá ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ NAPRAS, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ títún ara ṣe ní Nàìjíríà. Ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe àfojúdi. Ní 2020, lẹ́yìn ìròyìn pé ẹnìkan kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹwà, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ti ilé ìwòsàn ẹwà kan pa ní Èkó.

Kó tún ní kí dókítà fi àwòrán imú aláwọ̀ dúdú tó ti ṣe rí hàn òun, kì í ṣe ti òyìnbó nìkan, kí ó sì jẹ́ gbogbo ojú, láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe imú tí wọ́n gé sọ́tọ̀. Kó wo àwòrán tí wọ́n yà lẹ́yìn ọdún kan. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, imú á kọ́kọ́ wú, ìsàlẹ̀ ojú á pọ́n dẹ̀dẹ̀. Púpọ̀ nínú wíwú náà á lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ti ṣóńṣó imú lè gbà tó ọdún kan kó tó rọlẹ̀ tán, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ awọ tó nípọn bíi tiwa. Ìdí rèé tí oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ fi máa ń sọ fún ẹni tó bá padà wá ní oṣù kẹta pé kó tún imú òun ṣe, pé kó ní sùúrù kí ọdún pé, kí wọ́n tó jọ jókòó wo gbogbo ojú náà lẹ́ẹ̀kan sí i.